Òkè Ajọra àti Àwọn Ajá Tí Ẹ So Mọ́gi

Ẹ rọra gbé okùn yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọdẹ Ajáńlé. Mi ò tíì ní kí ẹ tú ajá kankan, mo kàn ní kí ẹ jókòó ni. Àwọn ajá tí ẹ so mọ́ ìdí akòko yìí kò lè sá lọ, Ògún náà kò sì ní bínú bí ọ̀bẹ bá pẹ́ díẹ̀. Olúọdẹ, bàbá wa, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín, torí mo mọ̀ pé ẹ ti pọ́n ọ̀bẹ tán. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ọdẹ́rìndé ni, èmi tí mo ń pa ẹfọ̀n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ kiri, èmi tí ìmàdò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi tó kó ọmọ rẹ̀ lọ sí igbó mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, tí ẹ ń pè mí ní Arọ-ń-dẹ̀gbẹ́, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló rọ, etí mi ò rọ. Lónìí ni ẹ máa gbọ́ bí ẹsẹ̀ náà ṣe rọ àti ohun tí mo fi rà. Kí ẹni tó fẹ́ mu ẹmu bu ẹmu, kí ẹni tó fẹ́ sùn lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣà wa, torí àlejò wà láàrin wa. Lọ́dọọdún, bí ọdún Ògún bá kò, a máa ń tú ọ̀yà kan sílẹ̀ ní pápá, gbogbo akọ ajá ìlú á sì gbá tẹ̀lé e. Èyí tó bá kọ́kọ́ ki ọ̀yà mọ́lẹ̀, òun nìkan ni ọkọ gbogbo abo ajá lọ́dún náà. Àwọn yòókù di ti Ògún. Láyé bàbá mi àgbà, wọ́n ní oríṣiríṣi ajá ló wà nílùú yìí: ajá elétí ṣọ̀bọ̀lọ̀, ajá tó ń lúwẹ̀ẹ́, ajá tó sanra tí kò lè sáré ṣùgbọ́n tó ń gbọ́ òórùn ẹran àná, ajá tó kàn mọ gbígbó láìmọ bíbunijẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Eréníyì, ajá pupa, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó borí, ọmọ rẹ̀ borí, ọmọ ọmọ rẹ̀ tún borí. Abo tí kò bá jọ ọ́, odò là ń jù ú sí. Nígbà tó yá, bí o bá fọn fèrè pe ajá rẹ, gbogbo ajá àdúgbò ló máa dé, ìwọ gan-an kò sì ní mọ èwo ni tìrẹ. Mo rí ọdẹ méjì tí wọ́n lura wọn bolẹ̀ lórí ajá kan, ajá náà sì jẹ́ ti ẹlòmíràn. À ń rẹ́rìn-ín nígbà náà ni o. À ń sọ fún àwọn ará ìlú kejì pé kò sí ibi tí ajá ti mọ́ tó tiwa.

Nígbà ọyẹ́ kan, ọ̀kan nínú ajá Olúọdẹ wúkọ́. Bàbá, ẹ rántí. Ó wúkọ́, ó da itọ́ funfun, ó kú. Èyí tó sùn tì í wúkọ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kò sí gbígbó ajá mọ́ ní gbogbo Ajáńlé, nítorí ara kan náà ni gbogbo wọn gbé wọ̀, ohun tó wọlé sí ọ̀kan lára mọ ọ̀nà ilé gbogbo wọn. A gbẹ́ kòtò títí ọkọ́ fi tẹ̀. Ẹkùn tó ti ń gbọ́ ariwo ajá láti ọjọ́ táláyé ti dáyé gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ wa, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó kọ́kọ́ kó ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ó wá ń jókòó lọ́nà odò lọ́sàn-án gangan. Ìbídùn, ọmọ ọmọ mi, lọ fọ igbá. Igbá nìkan la rí. Ẹ ò ní rí mi kí n purọ́ fún yín: mo sunkún bí obìnrin tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ burú, mo sì gbé ìbọn wọ igbó láìjẹun, ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò ní ajá kò lè rí ẹkùn tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí òun. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ilé tó ti ṣófo ní àdúgbò wa pọ̀ ju èyí tí iná ń jó nínú rẹ̀ lọ.

Ajá kan ṣoṣo ló kù. Ìyàwó mi Àwẹ̀ró ló fi í pamọ́ sórí àjà ilé ìdáná nígbà tí wọ́n ní ká jù ú sódò. Abo ni, ó rí bí eérú, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì wó lulẹ̀, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Àwẹ̀ró sọ ọ́ ní Bótiwùkórí. Nígbà tí àrùn dé, ó wúkọ́ díẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ààrò, ó sì dìde. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀ tí kò sí nínú ara àwọn pupa. Ṣùgbọ́n abo ajá kan kò lè dá bímọ fún ìlú láìsí akọ. Olúọdẹ pè mí, ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, àwọn baba wa sọ pé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Apamọ́ ni ajá wa ti wá, ní àfonífojì tó wà lẹ́yìn Òkè Ajọra. Ẹnikẹ́ni ò lọ rí kó bọ̀ lójú ayé tèmi.” Mo ní, “Bàbá, ẹni tí wọ́n bá jẹ lọ́mọ, kí ló tún ń bẹ̀rù?” Mo gbé ṣakabùlà mi, mo fi ṣaworo sọ́rùn Bótiwùkórí, a kọjá sínú igbó.

Mi ò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara. Igbó ni igbó, ẹ̀gún ni ẹ̀gún, ebi sì ń pa ọdẹ bó ṣe ń pa àgbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Òkè Ajọra. Òkè náà kò ga. Lóòótọ́, mo ti gun àlàpà tó ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kún fọ́fọ́, ẹ̀dá ń ti ara wọn, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Èmi tí mo ti bá iwin jẹ nínú abọ́ kan rí, tí egbére ti bẹ̀ mí pé kí n dá ẹní òun padà, àyà mi já lọ́jọ́ náà. Orí wọn tín-ín-rín, apá wọn gùn dé orúnkún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ká bí èékánná àwòdì, ojú gbogbo wọn sì ń wo òkè, kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀gbẹ́. Bí mo ṣe kí wọn, ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi dáhùn: “Ṣé ò ń gòkè?” Mo ní mo ń kọjá ni. Wọ́n tún ní, “Ṣé ò ń gòkè?” Ìkíni wọn nìyẹn, ìdágbére wọn nìyẹn, mo sì gbọ́ tí obìnrin kan fi rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún.

Lórí àpáta àárín ni ọba wọn jókòó sí. Aṣàyàn ló ń jẹ́. Ó tóbi ju gbogbo wọn lọ, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ó sì di ọ̀pá gígùn kan mú. Mo dọ̀bálẹ̀, torí níwájú ẹnu tó gbòòrò báyẹn, ìwà pẹ̀lẹ́ ni oògùn. Ó ní, “Ọdẹ, orísun omi kan wà ní ibi tó ga jù láyé, omi tí kì í gbẹ. Mo ti ń wá a láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, onírúurú ẹ̀dá ni mo ní, àwọn kan ń fò, àwọn kan ń rákò. Mo ní kí wọ́n máa gòkè. Bí oòrùn bá ń lọ sílé, mo máa ń fi ọ̀pá wọn ibi tí kálukú dé. Ẹni tó ga jù ló ń bímọ. Ẹni tó rẹlẹ̀ jù ni oúnjẹ mi. Wò wọ́n báyìí. Kò sí òpè kan nínú wọn mọ́.”

“Kábíyèsí,” mo ní, “omi náà dà?”

Ó fi ahọ́n lá ètè. Ètè gbogbo wọn ló ti là fún òùngbẹ. Lójú tèmi, tí mo jẹ́ àlejò níbẹ̀, nǹkan kan hàn kedere: lọ́hùn-ún, lẹ́yìn kùrukùru, òkè mìíràn dúró, òkè gidi, omi sì ń dán lára rẹ̀ bí irin tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Mo fi ọwọ́ hàn án. Mo ní, “Kábíyèsí, ibẹ̀ rèé. Ẹ kàn máa sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì yìí, ẹ ó sì tún gòkè lódìkejì.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín tí kò dùn. Aṣàyàn ní, “Sọ̀kalẹ̀ kẹ̀? Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lónìí ni yóò rẹlẹ̀ jù nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá sì rẹlẹ̀ jù nírọ̀lẹ́, inú mi ló máa sùn.”

“Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Kábíyèsí.”

“Orí òkè yìí, ọ̀nà kan ló wọ̀ ọ́.” Ó na ọ̀pá sí mi láyà. “Àlọ́ kan wà tí mo ń pa fún wọn láràárọ̀. Gbogbo wọn ló ń dáhùn bákan náà, wọ́n á ní ‘Òkè ni.’ Bí ìwọ náà bá ní òkè ni, mo jẹ ọ́. Bí o bá já a, máa lọ. Kí ló pọ̀ títí tó fi di ẹyọ kan?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti já àlọ́ lọ́dọ̀ àǹjọ̀nú, mo ti já a lọ́dọ̀ àna mi tó le ju àǹjọ̀nú lọ, ṣùgbọ́n èyí kò gba ọgbọ́n lọ́wọ́ mi, ẹkún ló gbà. Mo rí kòtò tí a gbẹ́ nílé. Mo rí igbá Ìbídùn létí odò. Mo ní, “Ajá ìlú mi ni. Wọ́n pọ̀ títí, wọ́n fi di ajá kan. Ọjọ́ tí ajá kan yẹn wúkọ́, gbogbo wọn kú. Àwọn ọmọ yín náà ni, Kábíyèsí. Ẹyọ ẹnì kan ló wà lórí òkè yìí, òùngbẹ sì ti ń gbẹ ẹ́.”

Mo já àlọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbọ́ pé alágbára máa ń mú àdéhùn ṣẹ nígbà tí ìdáhùn bá bá a wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wo Bótiwùkórí, ó ní, “Ajá yìí kò jọ ẹnikẹ́ni. Ẹ pa á, kí ẹ sì pa olówó rẹ̀.” Apá gígùn wọn nà sí wa láti ibi gbogbo. Mo pe ọfọ̀ egbé, egbé kọ̀, mo yin ìbọn, ìbọn kọ̀ torí ìrì ti wọ ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ajá ló gbọ́n jù mí lọ, torí Bótiwùkórí kò wo òkè bíi tiwọn, ìsàlẹ̀ ló bẹ́ sí. Mo bẹ́ tẹ̀lé e. Ọ̀kan nínú wọn ti di ẹsẹ̀ òsì mi mú, a fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo gbọ́ tí egungun dún, mo sì yí gbirigbiri láàrin òkúta lọ sísàlẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo wọn tò sí etí òkè, wọn ò lè tẹ̀lé mi. Ẹsẹ̀ wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo gbìyànjú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó ti wo ibi tí mo nawọ́ sí, ó sì ti rí omi. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìsàlẹ̀. Àwọn tó jọ ọ́ fà á padà. Mo rí Aṣàyàn tó la ẹnu. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí nígbó, ìyẹn ni mi ò fẹ́ rántí, òun náà sì ni mo máa ń rántí.

Ní àfonífojì ni mo ti rí Apamọ́, arúgbó kan tó kúrú, tó fi ewé kókò bo orí. Gbogbo àgbàlá rẹ̀ kún fún àwọn tí ayé kọ̀, èyí tí odò gbé wá àti èyí tó yí wálẹ̀ láti òkè: ẹyẹ tí kò fò, ewúrẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀dá tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, àti ajá, ajá oríṣiríṣi. Ó ń bu àsáró fún wọn. Ẹ fetí sí bó ṣe ń bu ú. Abọ́ kan ni fún ìrísí kan, abọ́ ọ̀hún kì í tóbi, kì í sì í kéré. Bí àwọn tó jọra bá pọ̀, wọ́n á jọ pín abọ́ kan, ọwọ́ kálukú á kan díẹ̀. Èyí tí kò jọ ẹnikẹ́ni á dá abọ́ tirẹ̀ jẹ. Bótiwùkórí kò tíì jókòó tí abọ́ tirẹ̀ fi dé, ó kún dé ẹnu.

Apamọ́ wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ta ló yó jù nínú ilé mi?”

“Ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ ni, Ìyá.”

“O ti rí nǹkan. Kí lo wá gbà?”

Mo sọ ti ẹkùn fún un, mo sọ ti Ìbídùn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo ní, “Ìyá, nínú àwọn akọ ajá yín, ẹ fún mi ní èyí tó dára jù.”

Ó gbé ṣíbí ìgbako sílẹ̀. “Tó dára jù fún kí ni? Fún odò ni? Fún ihò àpáta? Fún pápá? Fún àrùn tí kò tíì dé? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Ṣé ọwọ́ wo lo fẹ́ kí n gé nù?” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ mi tó ti wú. Ó ní, “Mo lè tọ́ ẹsẹ̀ yìí, kó rí bó ti rí tẹ́lẹ̀, kí o lọ sílé lọ máa sáré. Tàbí kí n fún ọ ní ajá. Ọ̀kan ni màá ṣe.”

Èmi tí mo ń lé àgbọ̀nrín bá lórí eré nígbà kan. Mo jókòó sílẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ náà títí. Mo ní, “Ìyá, ẹ fún mi ní ajá.”

Ó fún mi ní akọ méjì tí ẹ rí tí ẹ fi rẹ́rìn-ín: ọ̀kan kúrú, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, ọ̀kan dúdú, ó ń gbó láìdákẹ́. Ó ní, “Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ má ṣe pa ajá nítorí pé kò jọ èyí tó borí. Bí ọ̀kan bá sì borí, ẹ dín oúnjẹ àwọn tó jọ ọ́ kù, kí àwọn yòókù lè rí jẹ. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní gbúròó yín mọ́. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tún máa wá, mi ò sì mọ̀ bóyá màá ṣì wà níhìn-ín.”

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Bótiwùkórí bí lẹ́ẹ̀kan, ó tún bí, kò sí ọmọ tó jọ èkejì. Ọ̀kan yọ ikùn ńlá, ọ̀kan tiẹ̀ jáde ní pupa, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, bíi pé Eréníyì padà wáyé. Ọjọ́ tí a lọ bá ẹkùn, ta ló gbọ́ òórùn rẹ̀? Ajá oníkùn yẹn ni, tí kò lè sáré. Ta ló gbó títí ẹkùn fi bínú jáde? Dúdú ni. Ta ló lé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́? Pupa ni, mi ò ní gba iyì oníyì. Bótiwùkórí ló sì wà lẹ́nu ẹkùn nígbà tí ìbọn mi dún, ẹnu ẹkùn náà ló kú sí. Ihò ẹkùn há, ọdẹ kankan kò lè wọ̀ ọ́. Ajá kúkúrú ló fi àyà fà wọlé, ó pẹ́ nínú òkùnkùn náà, ó sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí Ìbídùn jáde wá lé mi lọ́wọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn nìkan la rí sin. Àwẹ̀ró yọ fọ́nrán kan nínú rẹ̀, ó so ó mọ́ ajá náà lọ́rùn.

Àná, ẹ tú ọ̀yà sílẹ̀ ní pápá. Ẹ ní ẹkùn ti kú, ẹ ní ayé ti dára, ẹ ní ká padà sí àṣà. Pupa ki ọ̀yà mọ́lẹ̀, ẹ fi màrìwò sí i lọ́rùn, ẹ ń jó yí i ká. Dúdú pẹ́, oníkùn pẹ́, kúkúrú yìí ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹ wá wo ìdí akòko báyìí, ẹ wo ọrùn tí ẹ fi okùn sí. Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ọmọ mi ni okùn yín gbé lé.

Ẹ gbọ́, mi ò bá yín jà. Èmi náà wà ní pápá lánàá, mo ń tẹ̀ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ bọ̀ lẹ́yìn, èmi ni mo dé kẹ́yìn gbogbo èèyàn àti ajá. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó kẹ́yìn ni ti Ògún, Olúọdẹ, ọrùn mi rèé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo ti fọn tèmi.

Ó dáa, ẹ bu ẹmu fún mi.

Ta ló wúkọ́ yẹn?

Èmi kọ́ o. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń mu ẹmu. Kì í sì í ṣe àwọn tí ẹ so mọ́gi. Ẹ wẹ̀yìn, ẹ wo ajá pupa tí ẹ fi màrìwò sí lọ́rùn. Ó tún ti wúkọ́. Itọ́ funfun wà lẹ́nu rẹ̀. Olúọdẹ, ọwọ́ yín ni ọ̀bẹ wà, bàbá. Ẹ fi gé okùn.